Iná Ti Lọ

Ernest Ọlọ́runtọ́ba kò fẹ́ràn kí nǹkan ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń fi nǹkan ṣòfò. Ìṣó tó bá wọ́, yóò fi òòlù lù ú títí yóò fi tọ́. Àpò ìwé tí lẹ́tà bá bá wọlé, yóò tú u, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní Sabon Tasha tó ń gbé ní Kaduna, àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé bí Bàbá Rose bá sín, yóò dúró wò bóyá ó ku díẹ̀ tí òun lè fi pa mọ́. Rose ni orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ernest a gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà, kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní bínú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú sí oko olóko ní Ìyàgbà, tí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀pà títà rán ní ìwé mẹ́fà péré, kí ni irú wọn fẹ́ fi ṣòfò?

Akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni iṣẹ́ rédíò, inú lẹ́tà ló sì ti kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú òyìnbó ló ń fi ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́. Ernest á kà á, á dáhùn ìbéèrè, á dá a pa dà. Ọkọ̀ òkun á gbé e lọ, á tún gbé e bọ̀, pẹ̀lú tàdáwà pupa níbi tó bá ti ṣì í. Kò ní olùkọ́ tó lè jókòó tì, kò ní ẹgbẹ́ tó lè bi léèrè. Àárọ̀ kùtùkùtù, kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, ni àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò pa á jẹ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n mú ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ wá.

Ohun tó máa ń ṣe ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ampilifáyà, fáàfù ló sì fi ń ṣe é. Fáàfù ni ìgò kékeré tí inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná bí a bá tan rédíò àtijọ́. Òun ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, gbogbo ayé ti ń ju fáàfù nù. Tiransísítọ̀ tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Ernest bí ẹni pé ara ilé rẹ̀ ni wọ́n lé síta. Ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ohùn rẹ̀ sì dùn ju ti arọ́pò rẹ̀ lọ, kí ló ń ṣe lórí ààtàn? Bí ó bá gba owó oṣù, ó di Pántẹ́kà, ọjà tí wọ́n ti ń ta pàǹtí irin gbogbo, lọ́dọ̀ Jàmàlúdéènì ará Ìlọrin.

"Bàbá Rose, ẹ káàbọ̀," ni Jàmàlúdéènì wí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. "Òkú tuntun dé. Ilé sinimá kan ni wọ́n wó, ẹ̀rọ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ayé òyìnbó rèé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó dé."

Ernest lóṣòó tì í, ó yọ ìdérí rẹ̀. Tiransifọ́mà méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n wúwo bí ọmọ ọlọ. Fáàfù mẹ́rin wà níbẹ̀, kò sí èyí tó fọ́. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, ṣùgbọ́n ó fajú ro.

"Ẹ kúkú gbé gbogbo rẹ̀," ni Jàmàlúdéènì wí.

"Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́."

"Ta ló ń ra orí ẹran tó ń ní kí wọ́n yọ etí sílẹ̀?"

"Ẹni tí kì í jẹ etí."

Jàmàlúdéènì rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tú u. Nígbà tí wọ́n parí, ohun gígùn kan tó dà bí ìka ọwọ́ ṣẹ́ kù sílẹ̀, tí iwájú rẹ̀ ti dúdú nítorí ooru. Résístọ̀ ni wọ́n ń pè é. "Èyí ńkọ́? Inú òkú kan náà ni wọ́n ti wá."

"N kò fẹ́ ẹ. Jíjẹ nìkan ló mọ̀. Kò kọrin, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn máa jókòó síbẹ̀ ni, á máa jẹ iná, ara rẹ̀ á máa gbóná."

"Àna mi gan-an lẹ ń júwe yẹn," ni Jàmàlúdéènì wí, ó sì jù ú sẹ́yìn àtíbàbà.

Ernest mọ iṣẹ́ tí résístọ̀ náà ń ṣe. Àwọn agolo kan wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ń gba iná dúró bí àmù ti ń gba omi dúró. Bí a bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, tàbí tí wọ́n mú iná ìlú lọ, iná inú agolo lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ní kíkún, tí yóò máa dúró de ọwọ́ ẹni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi ní kí ó fi résístọ̀ sí ẹnu agolo, kí ó dà bí ihò kékeré tí iná yóò máa gbà jò dànù. Ẹ̀kọ́ yìí kò wọ Ernest létí. Ta ló ń lu ìdí àmù rẹ̀, kí omi máa jò tọ̀sán-tòru, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò fọ̀ ọ́? Òun ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ fi irin sukudiráfà kan ẹnu agolo, iná inú rẹ̀ yóò ta pàà, yóò sì tán. Irin náà kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, iná kò gbé e rí.

Ó tún fi ọgbọ́n kan kún un tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àlùfáà bá ń gbàdúrà láìsí máíkì, tàbí tí wọ́n bá ń pín owó ìdáwó, kí ni fáàfù ń ṣiṣẹ́ fún? Ó fi bọ́tìnì kan sí i. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn fáàfù á dáwọ́ dúró, wọn á máa sinmi, ṣùgbọ́n àwọn agolo á wà ní kíkún, iná inú wọn kò ní rí ibi kankan lọ, títí wọ́n á fi tún nílò rẹ̀. Ó pe bọ́tìnì náà ní Ìsinmi. Inú rẹ̀ dùn sí i ju ohun gbogbo tó kù lọ.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Ernest ní ní Kaduna ni Ọlánípẹ̀kun, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti pàdé kí ogun tó dé, àwọn méjèèjì ń bọ̀ wá wáṣẹ́. Ernest ní búrẹ́dì, kò ní omi. Ọlánípẹ̀kun ní omi, ó ti jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ tán ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà wọn rí láti ìgbà náà. Ọlánípẹ̀kun a máa náwó bí ẹni tí ọ̀la kò kàn, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń san owó ọ̀rọ̀ fún. Òun ni ẹni kan tó lè wọ yàrá Ernest láìkanlẹ̀kùn, tí yóò jókòó sórí ibùsùn, tí yóò sì sọ pé, "Ahun, kí lo tún ń sè?"

Ẹni tó ń fi etí rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò fún un nìyẹn. Ernest kò gbà pé orin ni a fi ń dán ẹ̀rọ Yorùbá wò. Ọ̀rọ̀ ni. Yóò gbé máíkì sẹ́nu, yóò yí ojú Ọlánípẹ̀kun sí ògiri, yóò sì máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀. Ẹ̀rọ tó bá sọ ọkọ́ ìroko di ọkọ obìnrin, kí wọ́n dá a pa dà fún òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkórè ọdún tó kọjá. Ẹ̀rọ tí ìjọ yá lò lọ́jọ́ náà ń kùn bí agbọ́n. Àlùfáà kéde pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ra ọkọ̀ tuntun, ohun tí gbogbo ìta sì gbọ́ ni pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ra ọkọ tuntun. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n pa àwàdà náà títí Àjíǹde, ọkọ ìyá ẹgbẹ́ kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan. Ìgbìmọ̀ Ìkórè wá pinnu pé ìjọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí, ọ̀gá kan ní iṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ungwan Rimi, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ó ní òun yóò bá wọn ra ẹ̀rọ tiransísítọ̀ tuntun láti Èkó. Ọlánípẹ̀kun dìde. Ó ní kí wọ́n má náwó sí òkèèrè nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà láàárín wọn, òun fọwọ́ sọ̀yà fún Ernest. Wọ́n bá fẹnu kò pé ní ọ̀sán Sátidé, ìgbìmọ̀ yóò pé jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ ọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ketekete, ìjọ yóò gbà á, yóò sì máa wà níbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Fọlábí yóò kọ̀wé sí Èkó.

Ernest kò jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Kì í ṣe owó ló ń wá, kò bèèrè owó. Láti ọdún wọ̀nyí tó ti ń ṣa pàǹtí, kò sí ẹnìkan tó pe ohun tó ṣe ní nǹkan, àfi ẹni kan. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Wọ́n sì gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán Sátidé náà, Ernest gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì ní pèpéle akọrin, níbi tí àtẹ̀gùn òkúta mẹ́ta ti sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín ìjọ. Àlùfáà ka sáàmù, Ọlánípẹ̀kun tẹ dùùrù, ohùn sì jáde gbòòrò, ó mọ́, ó gbóná díẹ̀ bí ohùn àgbàlagbà tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò kùn. Ọlánípẹ̀kun sáré gba máíkì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ yí ojú yín kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo pè yìí? Ọkọ́."

"Èyí tí a fi ń ro ilẹ̀," ni àwọn obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ dáhùn.

"Ọkọ̀."

"Èyí tí a rà."

"Ọkọ."

"Èyí tí a kò rà," ni ìyá ẹgbẹ́ dáhùn, "ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í fún wa, ẹ̀yin náà ẹ rí bó ṣe rí." Àlùfáà alára rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

Fọlábí kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí. Ó súnmọ́ Ernest. "Ọ̀gbẹ́ni Ernest, o ṣeun. Ohùn rẹ̀ dára. Ìbéèrè mi ni pé, bí ìgò kan bá fọ́ nínú rẹ̀, níbo la ti máa rí òmíràn? Bí ìwọ náà bá lọ sílé, ta ni yóò tún un ṣe?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ernest tẹ bọ́tìnì Ìsinmi kí fáàfù má baà máa ṣiṣẹ́ lásán, ó yíjú sí Fọlábí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà nígbà tí fáànù òkè rọra dúró, tí gílóòbù ṣọ́ọ̀ṣì sì kú. Ẹnìkan wí níta lédè Hausa pé, "An ɗauke wuta," wọ́n ti mú iná lọ, láìgbóhùn sókè, bí a ti ń wí i lójoojúmọ́.

Ó dun Ernest. Ọlánípẹ̀kun ni kò jẹ́ kí ọ̀sán náà tutù. Ó ní bí kò bá síná láti gbọ́ ọ, kí àwọn ìgbìmọ̀ wá wo inú rẹ̀, kí wọ́n wo bí ènìyàn ṣe ń to nǹkan létòlétò, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà kò ní ìdérí. Ernest kò rí ìdí tí a fi ń fi páànù bo ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ọlánípẹ̀kun di etí ẹ̀rọ náà mú.

"Ernest, ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?"

Ernest ń bá Fọlábí sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú ọkùnrin náà, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá a lóhùn dáadáa. "Iná ti lọ," ló wí.

Ẹyin lohùn. Ní Kaduna, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnu mọ̀ ju ìyẹn lọ; ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Iná tó wà àti iná tó lọ, méjèèjì náà ni Yorùbá mọ̀. Èyí tó lọ tó sì tún wà, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọlánípẹ̀kun yí ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó na ìka sínú rẹ̀. "Ẹ wo èyí," ni ó wí.

Ìró kan ta, tẹ́ẹ́rẹ́, bí igi gbígbẹ tó dá. Ọlánípẹ̀kun kò ké. Ara rẹ̀ gbọ̀n jìgì, ó ta sẹ́yìn kúrò ní pèpéle, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e dé etí tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí fáàfù kankan tó fọ́.

Ernest dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Irin sukudiráfà wà lápò rẹ̀, ó ń gún un nítan.

Ọwọ́ náà dá ní ọrùn ọwọ́. Mọ́tò Fọlábí ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n tò ó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í, ṣùgbọ́n dókítà sọ fún Harriet, ìyàwó Ọlánípẹ̀kun, pé iṣan kan ti bàjẹ́, ìka méjì tó kángun lè má ká mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ tó ń tẹ orin.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá, ọ̀rọ̀ ti gba ojú ọ̀nà Kachia kan. Ibi ẹ̀rọ omi ni Bridget, ìyàwó Ernest, ti gbọ́ ọ.

"Wọ́n ní kò síná nínú ṣọ́ọ̀ṣì," ni ó sọ fún Ernest bí ó ti ń sọ omi kalẹ̀. "Wọ́n ní níbi tí kò ti síná ni ẹ̀rọ yẹn ti lu ènìyàn. Wọ́n ní inú ilé sinimá lẹ ti gbé e wá, ẹ̀mí ibẹ̀ ló bá a wá. Ìyá ẹgbẹ́ ní wọ́n máa gbàdúrà sí i."

Ernest ń fi òòlù na ìṣó.

"Bàbá Rose, bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé Èṣù ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa ní ẹ̀yin ni."

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo ní kò sí ẹni tó máa sọ ọ́."

Ó rò ó. Kí á má purọ́, ó rò ó dáadáa. Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀: kó kàn dákẹ́, kí wọ́n da òróró sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n lé ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde, kí òun sì máa bá ọ̀rẹ́ òun ṣọ̀fọ̀ ọwọ́ bí ẹni tí ọ̀tá kan náà ṣe ní ibi. Ṣùgbọ́n ó ti kórìíra ìwà ọ̀lẹ jù láti fi Èṣù ṣe alágbàṣe. Ó lọ sí Pántẹ́kà, ó ra résístọ̀ tó fi sílẹ̀, ó jó o mọ́ ẹnu agolo. Ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sí i. Ó pe ọkọ, ó pe ọkọ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Nǹkan tó pè ní ìfiṣòfò kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí etí lè gbọ́. Èyí dùn ún ju bí ohùn náà ì bá ṣe bàjẹ́ lọ.

Ọjọ́rú ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ọlánípẹ̀kun wá, ọwọ́ rẹ̀ gbé kọ́ àyà nínú ìborùn Harriet. Àlùfáà gbàdúrà, ó sì ní kí Ernest sọ ohun tó mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níta.

Ernest dìde. Ó sọ ọ́ bí ó ti kọ́ ọ: agolo tó ń gba iná dúró, iná tó ń ṣẹ́ kù. Ó ń gbìyànjú láti sọ ọ́ kó yé wọn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́ ni ojú wọn ń yí.

"Dúró ná," ni alàgbà kan wí. "Iná ìjọba lọ, iná tìrẹ kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irú iná wo nìyẹn?"

"Iná kan náà ni, sà."

"Iná kan náà tó lọ?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Fọlábí ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní ọ̀rọ̀ Ernest yé òun, kì í ṣe ẹ̀mí, nǹkan tí gbogbo oníṣẹ́ iná mọ̀ ni. Ó wí i pẹ̀lẹ́, kò sì tẹ Ernest mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlánípẹ̀kun ti gbójú sókè.

"Ernest, nǹkan tí gbogbo oníṣẹ́ iná mọ̀, ṣé ìwọ náà mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo bi ọ́ léèrè."

"O bi mí."

"Kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní iná ti lọ."

"Kò purọ́," ni alàgbà náà wí. "Iná lọ lóòótọ́."

"Ẹnu yá ju ọkàn lọ," ni Ernest wí. "N kò ronú. Mò ń bá ọ̀gbẹ́ni Fọlábí sọ̀rọ̀."

Ọlánípẹ̀kun mi orí. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ gbà á. Ẹnu a máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí i tirẹ̀ mọ ìyẹn. Ó ní, "Àwọn òyìnbó tó kọ́ ọ, ṣé wọn kò mọ̀ pé ẹnu lè yá? Wọn kò ní kí o fi nǹkan kan sí i, tí yóò máa gba iná yẹn dànù?"

Ernest ì bá sọ pé wọn kò wí. Ta ni nínú yàrá náà ni yóò mọ̀? "Wọ́n wí," ló dáhùn. "Résístọ̀ kan ni."

"Ṣé kò sí lọ́jà?"

"Ó wà. Jàmàlúdéènì fẹ́ fi í fún mi."

"Kí ló dé tí o kò fi sí i?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Ernest. Ó wá òmíràn, kò rí i.

"Mo kà á sí ìfiṣòfò," ló wí.

Ọlánípẹ̀kun wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ìka méjì tó yọ jáde nínú sìmẹ́ńtì, wọ́n nà gbọọrọ bí ìka ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn dúró pé yóò bú u. Ernest gan-an ń retí i, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Kí ó pè é ní ahun, kí ó pè é ní ọ̀dájú.

"Ó yé mi wàyí," ni Ọlánípẹ̀kun wí. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jókòó."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti inú ọkọ̀ ojú irin tó fi "ẹ" pè é.

Ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí Èkó. Ẹ̀rọ tiransísítọ̀ dé. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ta síísíí, ṣùgbọ́n ó ní ìdérí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ kan láti máa tẹ dùùrù. Ernest gbé iṣu, òun àti Bridget lọ kí Ọlánípẹ̀kun nílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Harriet, bu omi fún àwọn àlejò."

"Ta ni àlejò?" ni Ernest wí. Ó fi ẹ̀rín sí i. "Ọlánípẹ̀kun, èmi ahun rẹ ni mo dé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹni tó mọ iyì nǹkan lẹ jẹ́."

"Bú mi."

"Kí lẹ ṣe tí n ó fi bú yín? Ẹ mu omi."

Bí wọ́n ti ń pa dà lọ, Bridget bèèrè bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dárí jì í. Ernest ní ó sọ pé kò sí nǹkan. Bridget kò tún bèèrè mọ́. Obìnrin Yorùbá ni, ó gbọ́ gbogbo "ẹ" náà bí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìkórè, èrò kún àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Àlejò kan láti Mando, ọmọ Ìyàgbà bíi ti Ernest, ń kí ènìyàn káàkiri, ó sì bá Ernest àti Ọlánípẹ̀kun tí wọ́n dúró lábẹ́ òjìji kan náà nítorí oòrùn, pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín wọn. Ó bọ Ernest lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí Ọlánípẹ̀kun, ó rí i pé ọwọ́ òsì ni ọkùnrin náà nà, ó sì gbà á láìbèèrè.

"Ṣé ẹ jọ mọra ni?" ni àlejò náà bi wọ́n.

Ernest wo Ọlánípẹ̀kun. Ó dúró dè é kí ó sọ ọ́.

"A mọra, sà," ni Ọlánípẹ̀kun dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. "Ìjọ kan náà la jọ ń lọ."